Ọ̀dà Funfun Lára Òkúta

"Bàámi, ẹ dúró! Ẹ má gbé ẹsẹ̀ yẹn!"

Afinimọ̀nà náà dúró gbagidi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ láti máa bá a mú àlejò gun òkè, ti sáré dì í lápá mú.

"Kí ló dé? Ejò ni?"

"Ọ̀dà ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Òkúta tó ń mì lẹ kùn. Apá ọ̀tún lèyí tó yẹ kẹ́ ẹ kùn wà."

Bàbá náà tẹjú mọ́lẹ̀. Òun ló máa ń fi ọ̀dà funfun sàmì lẹ́yìn òjò, kí àwọn tó ń lọ wo àpáta tó tẹ̀ bí afárá lókè téńté má baà ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí èéfín lásán ni funfun náà rí lójú rẹ̀. Lẹ́yìn òkúta yẹn, ọ̀gbun ló kù.

"Bàbá, àbí ẹ ti gbàgbé ọ̀nà ni?" ọkùnrin kan nínú àwọn àlejò méjì tó ń tẹ̀ lé wọn bi í.

"Fi bàbá sílẹ̀ jàre," ni ìyàwó àlejò náà wí, "ìwọ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ láti ìsàlẹ̀ wá!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú.

"Ó ti pẹ́ tẹ́ ò ti ríran?" ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Má sọ fún ọ̀gá. Wọ́n á ní kí n lọ jókòó sílé. Kí n máa wo àjà?"

"Bàámi, àmì yín làwọn èèyàn ń tẹ̀ lé. Àwọn kan ń dá gòkè láìmú wa dání."

Bàbá náà wí nínú ọkàn rẹ̀ pé: Olúwa, ìwọ lo ṣọ́ wọn, ìwọ lo bò mí láṣìírí. Ó bọ́ báàgì ọrùn rẹ̀ tí agolo ọ̀dà wà nínú rẹ̀, ó sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn.

"Ẹ forí jì mí," ó wí fáwọn àlejò. "Ojú mi ò ríran mọ́. Òun ló máa mú yín dókè."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ ṣeun, bàbá."

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ọmọ rẹ̀ bi í.

"Títí wàá fi dé wá pa àmì yìí rẹ́, mo wà níbí."

Ó jókòó síwájú òkúta náà, ó na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà. Nígbà tó gbọ́ ìró bàtà àwọn mìíràn tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó kígbe sí àwọn tí kò rí:

"Ẹ má wo ọ̀dà o! Ọ̀tún ni kẹ́ ẹ gbà!"