Ẹ̀rín Tí Ìnàkí Kò Gbà

Inú Adákẹ́ ń hó bí omi orí iná nígbà tó gbé ọmọ ìnàkí kan sáyà. Ní àfẹ̀mọ́jú ló wọ yàrá ìyá rẹ̀, tó bá ibùsùn lófìfo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti wá gbé màmá lọ sílé tirẹ̀ nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, kò sì sọ gbólóhùn kan fún òun tó ń wẹ màmá, tó ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu.

Ọgbà ẹranko kan náà ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá ọmọ ìnàkí yìí ti kú, abo àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Arẹwà ni wọ́n sì fẹ́ kó gbà á tọ́. Bó bá kọ̀ lónìí, ọkọ̀ á gbé ọmọ lọ síbi tí yóò ti máa dá gbé.

Adákẹ́ gbé ọmọ sún mọ́ irin àhámọ́. Arẹwà kò tilẹ̀ wo ọmọ. Ojú Adákẹ́ ló ń wò, àti ẹnu tó fún pọ̀ pinpin. Irun ara Arẹwà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

"Tújú ká," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ wí. "O ò rí i pé ò ń dẹ́rù bà á?"

"Ẹ gbé ìyá lọ bí ẹni gbé adìẹ, ẹ tún wá ń kọ́ mi lẹ́rìn-ín."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní màmá àwọn méjèèjì ni, àti pé iṣẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ ti ń rẹ Adákẹ́ jù. Adákẹ́ fipá rẹ́rìn-ín sí Arẹwà, ó fi gbogbo eyín hàn. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Eyín tí ènìyàn ń fi bo ìbínú mọ́lẹ̀, ojú ẹni tẹ́rù ń bà ni ìnàkí ń kà á sí. Arẹwà figbe ta, ó lu irin gbàmù. Ọmọ náà fi eyín hàn bákan náà, ó dì mọ́ Adákẹ́ lọ́rùn, ó ń gbọ̀n.

Bí Adákẹ́ bá dúró ja ìjà yìí tán, ọmọ yìí ló máa jìyà rẹ̀. Ó gbé ọmọ náà síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ojú tirẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Àwọn àgbà kúkú ti ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

"Ẹ gbé e. Ọ̀rọ̀ màmá ṣì wà nílẹ̀."

Láti ojú fèrèsé ni Adákẹ́ ti ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe gbé ọmọ sún mọ́ irin. Irun Arẹwà wálẹ̀. Ó gbóòórùn ọmọ, ó na ọwọ́, ó fà á mọ́ra.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú padà pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ń wá a. Adákẹ́ ti bọ́ sójú títì, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọrí sí, ó ń lọ gbé ìyá rẹ̀ padà.