Ẹnubodè Ìlú Lańléèdì

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọmọ ọmọ mi pè mí lórí fóònù. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán.

"Màmá àgbà, ṣé ẹ ti tan kọ̀ǹpútà?"

"Ó ti ń kùn láti àárọ̀ bí ẹ̀rọ ìlọta. Ṣé o ti jẹun?"

"Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń bọ̀ o."

Mo mọ̀ pé aago mẹ́rin ni. Oṣù kẹta rèé tí ìyá rẹ̀, ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn tó sì mú un dání lọ, ọmọ náà kò sì tíì ní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì ló fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, inú rẹ̀ sì ni ìlú tó fi ọdún méjì kọ́ nínú géèmù wà: ilé gogoro mẹ́rìndínlógún, afárá kan, ilé ìkàwé, àti òpópónà kan tó fi orúkọ mi pè. Nítorí ilé tó ń kọ́ láìsinmi yìí ni bàbá àgbà rẹ̀ ṣe ń pè é ní Lańléèdì.

Ó sọ̀rọ̀ ìlú yìí ní ilé ìwé rẹ̀ tuntun. Ọmọbìnrin kan tí gbogbo kíláàsì ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín, ó ní irọ́ ni, kò sí ìlú kankan níbì kankan. Lańléèdì bá ní kí ẹni tó bá fẹ́ rí i wọlé wá wò ó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ mẹ́ta ní àwọn á wá. Bí wọ́n bá dé tí ilẹ̀kùn kò ṣí, òpùrọ́ ni wọn yóò máa pè é títí ọdún ìwé yóò fi parí.

Ọ̀dọ̀ wa ni ìlú wà, nítorí náà àwa la máa gba àlejò. Obìnrin tó ń bá wa tún íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ti wá lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti ṣètò àpótí kékeré ara ògiri tí iná rẹ̀ máa ń ṣẹ́jú, kí ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìta lè gba ibẹ̀ dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ó ku fáyáwọ́ọ̀lù, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tó ń yẹ ohun gbogbo tó bá fẹ́ wọlé wò.

"Gétímáànù ni," ni ọkọ mi wí láti orí àga rẹ̀. "Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀."

Ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ mi fi ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe páálí. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò tíì sọ fún ara rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn wa, òun ló máa ń béèrè pé, "Ta ni? Ta lẹ wá rí?" kódà kó jẹ́ ọmọ tó bí.

Lańléèdì ń sọ ohun tí n óò ṣe, mo sì ń ṣe é. Mo ṣí fáyáwọ́ọ̀lù. Mo ní mo fẹ́ ṣe òfin tuntun fún àwọn tó ń wọlé. Mo tẹ nọ́ńbà ẹnubodè ìlú rẹ̀ sí i, mo kà á sí i létí lẹ́ẹ̀mejì, mo wá yan "Gbà láàyè." Mo sọ òfin náà ní Ìlú Lańléèdì.

"Ó yá, ẹ jẹ́ n gbìyànjú ẹ̀ wò."

A dúró. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Kò ṣí. Ó ní ẹnikẹ́ni ò dáhùn."

A tún un ṣe látòkè délẹ̀. Mo pa sáfà, ìyẹn ètò tó ń gba àlejò sínú ìlú náà, mo tún tan án. Kò ṣí. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Màmá àgbà, ẹ kúkú pa fáyáwọ́ọ̀lù yẹn pátápátá. Bọ́tìnnì kan péré ni. Tí wọ́n bá ti lọ, ẹ tún tan án."

"Ta ló ní kí wọ́n pa gétímáànù?" Ọkọ mi ti dìde. "Fọ́tò ìgbéyàwó ìyá ẹ wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Ìwé ìfẹ̀yìntì mi wà níbẹ̀. Nítorí àlejò mẹ́ta, ká wó ògiri?"

"Wákàtí kan péré ni, Bàbá àgbà!"

"Olè náà kò nílò ju wákàtí kan lọ."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa imú. Mo mọ̀ pé ẹkún ló ń gbé mì. Ọwọ́ mi ti wà lórí máòsì, kí n má purọ́, díẹ̀ ló kù kí n tẹ bọ́tìnnì náà. Kí ni ìwé ìfẹ̀yìntì bí ọmọ bá ń sunkún?

Ṣùgbọ́n mo rí i pé n kò tíì ka ojú ewé tó wà níwájú mi tán. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí kí n tó mọ̀ọ́kà, olùkọ́ wa nígbà náà kì í sì í jẹ́ ká dáhùn ohunkóhun láìkà á dé ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọdé lè sáré fi ojú gbá ìwé kọjá. Èmi ò lè ṣe é. Bí mo bá fo ìlà kan, mo ti sọnù nìyẹn.

"Dúró ná," mo ní. "Jẹ́ n ka àwọn òfin tí gétímáànù yìí ti ní nílẹ̀."

"Wọ́n ju igba lọ o!"

"Ìyẹn kọ́ ni ìṣòro mi. Awò mi wà lójú mi."

Mo fi ìka mi lé ojú kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Òfin ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Òfin aago. Òfin àwọn nǹkan tí n kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà nínú ilé mi. Àmì aláwọ̀ ewé ló wà níwájú gbogbo wọn. Nígbà tí mo dé ìlà kẹtàdínláàádọ́rin, ìka mi dúró. Orúkọ sáfà náà gan-an ló wà níbẹ̀, àmì iwájú rẹ̀ sì pupa. Ìlà tó tẹ̀lé e, orúkọ kan náà, pupa kan náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn ni "Dènà."

"Lańléèdì, ta ló kọ 'Dènà' síbí?"

"Èmi kọ́ o! Àbí ẹnì kan tẹ 'Rárá' lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tan sáfà ni? Ó máa ń béèrè ìbéèrè kan."

Mo yí ojú sí ọkọ mi. Ó ti ń wo ojú fèrèsé.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì."

"Hẹ̀n."

"Lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tí mo lọ wẹ̀."

"Nǹkan kan yọjú. Ó ní ẹnì kan fẹ́ kọjá. Mo bi í pé ta ni, kò dáhùn."

"Ẹ bi kọ̀ǹpútà?"

"Ta ni ǹ bá bi? Orúkọ tí mi ò mọ̀ rí, tẹ́nikẹ́ni ò sì sọ fún mi pé ó ń bọ̀! Mo ní rárá. Ṣé iṣẹ́ tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe kọ́ nìyẹn?"

Lańléèdì bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù, ẹ̀rín àti ẹkún pa pọ̀. "Ṣùgbọ́n Màmá àgbà ti ní kí wọ́n máa wọlé báyìí. Kí ló dé tí kò gbọ́?"

Ọkọ mi fa àga mọ́ kọ̀ǹpútà. Ara rẹ̀ ti yá gágá. "Èyí yé mi. Ìwé méjì la máa ń ní ní géètì. Ọ̀kan fún ẹni tó lè wọlé, ọ̀kan fún ẹni tí kò gbọdọ̀ wọlé. Tí orúkọ èèyàn bá wà nínú méjèèjì, èwo ni màá tẹ̀ lé?"

"Ti àkọ́kọ́?"

"Wọn á ti lé ọ lẹ́nu iṣẹ́! Èyí tó ní rárá ni. Kódà kí ọ̀gá àgbà fúnra ẹ̀ ní kó wọlé, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fagi lé e nínú ìwé kejì. Gétímáànù yìí mọṣẹ́. Bó ṣe ṣe yẹn ni èmi náà ì bá ṣe."

"Ẹ máa yìn ín tó bá di alẹ́," mo ní. "Ẹ fagi lé e báyìí."

Òun fúnra rẹ̀ ló mú máòsì. Ó pa ìlà pupa àkọ́kọ́ rẹ́, ó pa ìkejì. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá ó dá a lójú. "Ó dá mi lójú," ó dá a lóhùn sókè, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan jáde lójú sáfà: Lańléèdì ti wọlé. Igbe tí ọmọ náà ké, ńṣe ni mo gbé fóònù jìnnà sétí.

"Mo wà lórí afárá! Màmá àgbà, mo ti dé òpópónà yín!"

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ọkọ mi ti fa ìlà sínú ìwé kékeré kan: orúkọ, àkókò ìwọlé, àkókò ìjáde. Orúkọ àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nínú ìwé àlejò sáfà láti ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n wọlé níkọ̀ọ̀kan, ó ń kọ wọ́n sílẹ̀. Lańléèdì gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, à ń gbọ́ ohùn wọn tó ń jáde láti inú rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ́ gbogbo eléyìí?"

"Èmi ni. Ẹ má fọwọ́ kan ilé ìkàwé o, ọ̀dà rẹ̀ ṣì tutù."

Ẹ̀rín sọ.

Lẹ́yìn náà ni ìlà mìíràn jáde: ẹnì kan ń fẹ́ wọlé, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, sáfà ti dá a padà. Kò pẹ́, ó tún wá.

"Ta ni èyí?" Ọkọ mi ka orúkọ náà sókè.

Lańléèdì gbé fóònù súnmọ́ ẹnu. "Òun ni. Ẹni tó pè mí ní òpùrọ́."

"Kò sí nínú ìwé," ni ọkọ mi wí. "Ó parí."

Ó wù mí kí n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mi dé. Ìlú ọmọ ni, kì í ṣe tèmi. Ìlà náà tún jáde lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sí i," ni Lańléèdì wí.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá àgbà. Ẹ jẹ́ kó wá wò ó."

Mo tẹ orúkọ náà sínú ìwé sáfà, lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì. Ọkọ mi kọ ọ́ sínú tirẹ̀: aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Ìgbà tó yá, ohùn kan tí a kò tíì gbọ́ rí ní, "Báwo lo ṣe ṣe afárá yìí tí kò fi wó?"

"Máa bọ̀," ni Lańléèdì wí. "Abẹ́ ẹ̀ ni màá ti fi hàn ẹ́."

Ọkọ mi tẹ̀ mọ́ fóònù. "Sọ fún wọn o, ẹni tó bá ń jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún mi. Mi ò lè fi àkókò ìjáde sílẹ̀ lófo."

Wọ́n ti sá lọ sábẹ́ afárá.