Sinimá orí Àpáta Euphrasie

Àpáta kì í ṣe àga. Èsì tí Euphrasie, ìyá Mathieu, fún Isidore katikísì, olùkọ́ ìjọ, nìyẹn, nígbà tó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó palẹ̀ gbodo rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ sinimá ń bọ̀ láti Cotonou, orí àpáta náà ni àwọn ará àdúgbò fẹ́ jókòó sí.

“Iṣu tí mo bọ̀ tí mo sá ló wà níbẹ̀. Òun ni mo máa jẹ títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Ṣé sinimá ni n óò fi rokà?”

“Ìyá, bí oòrùn bá ti wọ̀, gbogbo ayé ló ni àpáta. Òfin yín ni.”

Òótọ́ ni. Lórí òkè Dassa, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé òkúta sí igun àpáta láàárọ̀ ló ni ibẹ̀ lójọ́ náà. Bí ẹran bá jẹ ohun tó sá, ẹni tó ni ẹran yóò san án. Ṣùgbọ́n ohun tí oòrùn bá wọ̀ bá níbẹ̀ kò ní ẹlẹ́jọ́; bí ẹran bá jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni kì í san án. Euphrasie kì í jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá tirẹ̀. Ó mọ ewúrẹ́ Àríkẹ́, ìyàwó Ràmọ́nù onísọ́ọ̀bù, tí kì í gbé orí ìso. Nítorí ewúrẹ́ yìí, láti ìgbà òjò ni òun àti Àríkẹ́ kò ti kí ara wọn mọ́.

Lọ́jọ́ náà, agídí ni kò jẹ́ kó tètè kó o. Oòrùn wọ̀ nígbà tí agbọ̀n kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Àwọn ènìyàn ti jókòó, ẹ̀rọ ti ń kù. Lára aṣọ funfun tí wọ́n ta sáàárín igi méjì, àwòrán tí ọwọ́ yà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn: ìkookò kan àti ọmọ ewúrẹ́ kan.

“Ẹni tó ya èyí kò rí ìkookò rí,” ni Euphrasie wí, ó kẹ̀yìn sí aṣọ náà, ó ń ṣa gbodo.

Àríkẹ́ pẹ́ dé, ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n nìkan ló rí jókòó sí. “Kò rí yín ni, Ìyá Mathieu. Ẹ̀yin ni ì bá fi ṣe ìkookò.”

“Kó fi ìwọ ṣe ewúrẹ́. Ẹnu yín ò yàtọ̀.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Nínú sinimá, òjò lé àwọn méjèèjì wọ inú ihò kan. Ebi ń pa ìkookò. Ó lá ètè, ó sì yíjú sí ògiri kó má baà rí ewúrẹ́. Àwọn ọmọdé pariwo. Euphrasie bojú wẹ̀yìn, ó ní òun á jókòó díẹ̀.

Ewúrẹ́ ṣubú sínú ọ̀fìn. Ìkookò dúró létí rẹ̀, itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀, ìtàkùn tó jù sí ewúrẹ́ wà láàárín eyín rẹ̀. Euphrasie di apá kan mú. Apá Àríkẹ́ ni. Àríkẹ́ kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ tí nǹkan ń rún gbodo lẹ́yìn wọn. Ewúrẹ́ Àríkẹ́ ti ki orí bọ agbọ̀n.

“Olè! Ìwọ àti ẹran rẹ!” Euphrasie fa igi yọ.

“Oòrùn ti wọ̀, Ìyá Mathieu! Òfin yín ni!”

Wọ́n lé ewúrẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ àpáta, wọ́n sì ń bú ara wọn lọ. Agbọ̀n yí dànù, gbodo dà sínú kòtò omi. Nígbà tí wọ́n fi padà dé, wọ́n ti ń ká aṣọ sinimá, àwọn ọmọdé ń nu ojú.

Láàárọ̀, Àríkẹ́ fa ewúrẹ́ náà wá sẹ́nu ọ̀nà Euphrasie.

“N kò jẹ gbèsè. Oòrùn ti wọ̀. Ṣùgbọ́n ó lóyún. Ó jẹ oúnjẹ yín. Bó bá bímọ, ẹ jẹ ọmọ rẹ̀.”

“Èmi kì í ṣe ìkookò.” Euphrasie gba okùn, ó so ó mọ́ òpó tó jìnnà sí àpáta. “Èèpo iṣu ni yóò máa jẹ níbí. Ọmọ tó bá bí, n óò sìn ín.”

Àríkẹ́ kò lọ. “Ìyá Mathieu, ṣé ó fà á jáde?”

“Ta ni?”

“Ìkookò yẹn.”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ariwo rẹ ni kò jẹ́ kí n rí i.”

Euphrasie gbé òkúta sí igun àpáta, ó sá gbodo tó ṣẹ́ kù. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kó gbogbo rẹ̀ wọlé.