Ìwé Tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ Kọ

"'Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún: Aránwèé ní kí n ṣílẹ̀kùn. Mi ò ṣí i.'" Agbẹjọ́rò gbójú sókè kúrò lára ìwé náà. "Màmá, ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni."

"'Aago mọ́kànlá ààbọ̀: Aránwèé tún ní kí n ṣílẹ̀kùn. Mi ò ṣí i. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa.' Èyí náà ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ò rí i pé ọwọ́ kan náà ni?" Inú ti ń bí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ilé ìtẹ̀wé yìí, kò sì sẹ́ni tó tíì rí àléébù kan lára ìkọ̀wé rẹ̀.

"'Aago kan ọ̀sán: Aránwèé gbá ilẹ̀kùn. Mo ní kó ṣe sùúrù.'" Agbẹjọ́rò pa ìwé náà dé, ó rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

Ọ̀gá, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, di orí mú. "Èmi ni mo ní kí wọ́n máa kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé gbogbo nǹkan náà ni wọ́n máa kọ."

Ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Kí ìbéèrè má baà jò síta, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà a wọ yàrá ẹ̀rọ nígbà tí ìdánwò bá ku ọjọ́ méjì. Wọn a kó fóònù wọn sínú àpótí kan, wọn a buwọ́ lùwé pé àwọn gbà, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ a sì ti ilẹ̀kùn irin mọ́ wọn láti ìta. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, inú ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí. Ó di aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, tí àwọn ọmọ bá ti gbé bírò, kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Àwọn tó wà nínú a máa yọ orí lójú fèrèsé onírin, wọn a máa kì í: "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, atìlẹ̀kùn-má-gbàgbé! Ẹ̀ṣọ́ tí í ṣọ́ ẹ̀ṣọ́! Ẹ̀fọn tó bá fẹ́ wọlé tiwọn, á buwọ́ lùwé!" Òun náà a rẹ́rìn-ín, a ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn lọ, aláìníṣẹ́ lẹnu í yá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni fóònù Aránwèé, obìnrin tó ń rán ẹ̀yìn ìwé pọ̀, dún nínú àpótí. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ gbé e. Ẹ̀gbọ́n Aránwèé ló ń sọ̀rọ̀: bàbá àwọn ti dákú, àwọn ti gbé e délé ìwòsàn, ó ti jí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì ń béèrè. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ lọ sójú fèrèsé, ó jíṣẹ́ náà bó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ó pe Ọ̀gá.

"Ó buwọ́ lùwé," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ má ṣílẹ̀kùn o. Tí ìbéèrè yìí bá jò, gbogbo wa la wọ gàù."

Kò ṣí i. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni bàbá náà kú. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ilẹ̀kùn ṣí. Aránwèé ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú fóònù rẹ̀ nínú àpótí, ó lọ sìnkú bàbá rẹ̀, nígbà tó sì sìnkú tán, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

"Kí wá ni òfin wí?" Ọ̀gá bi agbẹjọ́rò.

"Òfin ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ẹni tó bá há ẹlòmíràn mọ́ ibì kan láìfẹ́ onítọ̀hún, tí òfin ò sì fún un láṣẹ, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Ẹni tó ní kó tì í náà wà níbẹ̀."

"Ó buwọ́ lùwé!"

"Ó buwọ́ lùwé pé òun gbà láti wọlé, ọ̀gá mi. Ìṣẹ́jú tó bá ti ní òun fẹ́ jáde, ìwé yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ lè lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ lè ní kí ẹnìkan tẹ̀ lé e délé ìwòsàn. Tó bá tú àṣírí, ẹ lè gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ kàn ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìjọba nìkan ló lọgbà ẹ̀wọ̀n."

Agbẹjọ́rò fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ibi tí ẹjọ́ yìí fẹ̀yìn tì ni bóyá obìnrin náà sọ pé òun fẹ́ jáde tàbí kò sọ. Àwọn márùn-ún tí wọ́n jọ wà nínú ilé ti sọ fún ọlọ́pàá pé ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ káwọn gbọ́ nǹkan kan. Ó wá ku ìwé yìí." Ó dìde. "Mo fẹ́ lọ mumi. Mi ò gbọ́ ohunkóhun tí ẹ bá sọ lẹ́yìn mi o."

Bó ti jáde ni Ọ̀gá fa ìwé tuntun kan yọ nínú báàgì rẹ̀, àwọ̀ kan náà, ìlà kan náà. "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ẹ bá mi tún un kọ. Bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ìlà mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ fò. Ọ̀la lọlọ́pàá fẹ́ rí yín. Èmi pẹ̀lú yín la jọ wà nínú ọkọ̀ yìí. Tí wọ́n bá mú yín, ta ni yóò máa tọ́jú bàbá ilé yín pẹ̀lú orúnkún tó ń dà wọ́n láàmú yẹn?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó sídìí tábìlì, ìwé àtijọ́ lápá òsì, tuntun lápá ọ̀tún. Ó fẹ́ gbàdúrà kó tó bẹ̀rẹ̀, bó ti máa ń ṣe ṣáájú iṣẹ́ gbogbo. "Olúwa, ràn mí lọ́wọ́ kí n..." Ẹnu rẹ̀ dúró. Èèyàn kì í bẹ Ọlọ́run kó wá bá òun di àkàsọ̀ olè mú. Ó fi àdúrà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ń wò ó láti orí àga rẹ̀. "Kí lò ń kọ tó báyìí, bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ọdún méjì!" ni bàbá náà wí. "Ta ni yóò wá máa bá mi jà láàárọ̀?"

Kò rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ṣó o mọ̀ pé gbogbo ilẹ̀kùn tí mo bá fẹ́ kàn, mo máa ń bi onílé pé, kọ́kọ́rọ́ yìí, ṣé ọwọ́ ẹni tó wà nínú ni yóò máa wà ni, àbí ọwọ́ ẹni tó wà níta? Tó bá ní ẹni tó wà níta, màá ní, kí lẹ fẹ́ kó síbẹ̀? Tó bá ní àgbàdo, màá kàn án."

"Tó bá wá ní èèyàn?"

"Mo kàn án fún ẹnìkan rí." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò béèrè lọ́jọ́ yẹn. Òun ló kọ́ mi ní ìbéèrè."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ti kọ ojú ewé méjì. Ó dé ìdérí bírò.

Láàárọ̀, ọlọ́pàá obìnrin kan tí kò lè ju àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ fún un lága. Aránwèé wà lórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá ògiri, ó wọ aṣọ dúdú, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kí i kú ọ̀fọ̀.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ gbé ìwé àtijọ́ sórí tábìlì. Ọlọ́pàá náà kà á, ó sì tún un kà.

"Màmá, ẹ mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ bá sọ níbí, wọ́n lè fi dá yín lẹ́bi ní kóòtù?"

"Mo mọ̀. Ọdún méjì ni. Wọ́n ti kà á fún mi."

"Ó dáa. Ìgbà mẹ́ta ló ní kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ò sì ṣí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ìgbà mẹ́rin ni."

Ọlọ́pàá náà ṣí ìwé lẹ́ẹ̀kan sí i. "Mẹ́ta ló wà níbí."

"Mi ò kọ ìkẹrin. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Kò gbá ilẹ̀kùn. Ó fẹnu síbi ihò kọ́kọ́rọ́, ó ní, 'Màmá, ẹ jọ̀ọ́.' Kò pè mí ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́ mọ́. Mo mú bírò, ojú tì mí láti kọ ọ́."

Aránwèé gbójú sókè.

"Wákàtí kan péré ni láti ibẹ̀ délé ìwòsàn." Kì í ṣe ọlọ́pàá ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kọjú sí mọ́. "Ká ní mo ṣí i nígbà yẹn, o ì bá bá a láàyè."

Omijé ń bọ́ lójú Aránwèé, kò nù ún. Ọlọ́pàá náà fa bébà òfìfo kan sún mọ́ra.

"Ẹ tún un sọ, Màmá," ló wí. "Ẹ rọra máa sọ ọ́, kí n lè máa kọ ọ́."