Wákàtí Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Orville Teachout ń da omi sórí àpò tó fi bo ilé oyin kẹta nígbà tí Kessling, aládùúgbò rẹ̀, gbé ife kọfí jáde. Kessling wo koríko àgbàlá rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tuntun, ó sì padà wọlé.

Ọjọ́ kẹta nìyẹn. Ìwé tí wọ́n mú wá ti sọ gbogbo ẹ̀: ilé iṣẹ́ tó máa fín oògùn apakòkòrò sí koríko Kessling, orúkọ oògùn náà, àti ọjọ́ tí wọ́n máa wá. Ìṣẹ́gun ni, tí òjò bá rọ̀, Ọjọ́rú, tí kò bá tún ṣeé ṣe, Ọjọ́bọ̀. Òfin New York ní kí aládùúgbò ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Òfin tó dára ni. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ọ kí wọ́n tó gbá ọ létí.

Ilé oyin mẹ́rin ni Orville ní, mẹ́ta ní gbangba, ìkẹrin lábẹ́ igi ápù. Lavina ìyàwó rẹ̀ ló kó wọn jọ. Látìgbà tí Lavina ti kú, ohùn àwọn oyin yẹn nìkan ló ń dún nínú àgbàlá náà. Bí oògùn bá bá wọn níta, ó parí. Nítorí náà ó ń dí ẹnu ilé wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ń da omi sí àpò tó bò wọ́n, torí oyin tí a tì mọ́lé nínú oòrùn kì í pẹ́ jinná.

Ní Ìṣẹ́gun òjò rọ̀. Ní Ọjọ́rú afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Ẹnikẹ́ni ò wá. Ní Ọjọ́bọ̀ oòrùn jáde bí ẹni tó wá gbẹ̀san.

Ó tẹ ilé iṣẹ́ náà láago kó lè mọ wákàtí tí wọ́n máa dé. Ẹ̀rọ ló dá a lóhùn, ẹ̀rọ náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ó da omi sí àwọn àpò náà títí wọ́n fi tutù rinrin, ó wa ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ó ní kí wọ́n ṣáà bá òun béèrè wákàtí.

Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. "Bàbá, ọjọ́ ni òfin ní kí wọ́n kọ. Kò ní kí wọ́n kọ wákàtí."

Ó fún un ní fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn. Orville kọ ọ́, ó dá a padà. Obìnrin náà tún tì í padà sí iwájú Orville.

"Bàbá, ẹ ò kọ wákàtí tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀."

Ó dúró de ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ti lọ jẹun. Ọ̀gá náà fẹ́ràn oúnjẹ.

Aago méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kó tó délé. Àwọn àpò náà ti gbẹ bí pánla. Kessling dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.

"Bàbá, ẹ ṣì ń retí wọn ni? Wọn ò wá mọ́ o. Mo ti ní kí wọ́n dúró ná. A ní àlejò lópin ọ̀sẹ̀, ìyàwó mi ò fẹ́ òórùn oògùn."

"Ìgbà wo lo sọ fún wọn?"

"Àná, nírọ̀lẹ́."

"O sì rí mi láàárọ̀ tí mò ń da omi."

"Mo rí yín. Ṣùgbọ́n òfin ní kí wọ́n sọ fún yín tí wọ́n bá máa fín. Kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ tí wọn ò bá ní fín."

Òótọ́ ni. Ọkùnrin náà ò rú òfin kankan.

Orville ṣí ẹnu àwọn ilé náà. Nínú mẹ́ta, afárá ti yọ́ bo òkú oyin mọ́lẹ̀. Ó fi ọkọ́ kó wọn, ó sì gbẹ́ ilẹ̀ sin wọ́n.

Ní ọjọ́ Ajé, ìwé tuntun wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.

Ilé oyin kan ló kù, èyí tó wà lábẹ́ igi ápù.