Yanrìn Tí Bàbá Mi Fi Ń Bo Orúnkún

Èmi nìkan ni mo rí i. Nínú gbogbo ayé yìí, ojú mi méjèèjì yìí nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn tí akàn ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yọ jáde nínú yanrìn, tí wọ́n na ẹsẹ̀ sókè, tí wọ́n kú. Ó dáa, akàn mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n wọ́n tóbi!

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bu yanrìn etí òkun lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kẹ́míkà inú ike ti wọ inú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bù tó mi láyé. Ṣíbí irin, ìgò, ó parí. Ibi tí àwọn akàn yẹn kú sí, wọ́n ti sun ike níbẹ̀ títí. Ó yọ́, ó dì mọ́ yanrìn, ó le gbagidi. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i ni bàbá mi máa ń jókòó sí, á kọ ẹ̀yìn síbẹ̀, á dijú.

Bàbá mi ti ń tún àwọ̀n ṣe kí wọ́n tó dá òkun. Látìgbà tí ìyá mi ti kú, tí àwọn aládùúgbò sì ti kó lọ tán, ojoojúmọ́ ló ń gbẹ́ ihò, á ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, á wá fi yanrìn gbígbóná bò ó kọjá orúnkún. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni ìrora orúnkún ti ń fi òun lọ́rùn sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀. Yanrìn yẹn ti bàjẹ́. Akàn ń kú."

"Akàn mélòó?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Onírọ́ mi àtàtà! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹja àbùùbùtán ló kí ọ káàárọ̀. Mú ìwé wá láti ilé àyẹ̀wò, màá dìde."

Ìwé lásánlàsàn! Mo yọ ìgò tó kù lọ́wọ́ mi, mo ń jù ú sókè, mo ń hán an. Nígbà tó yá, n ò hán an mọ́. Ó fọ́ yángá mọ́ òkúta. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sẹ́nì kankan. Mo bu yanrìn náà sínú ọ̀rá búrẹ́dì mi, mo ta á ní kókó.

Màdáámù ilé àyẹ̀wò ò tiẹ̀ tú u.

"Kí là ń wá nínú yanrìn, ọ̀gbẹ́ni?"

"Kẹ́míkà ike, mà."

"Kí lo wá fi gbé e wá?"

"Ọ̀rá… ọ̀rá búrẹ́dì, mà."

"Báwo la ṣe máa mọ èyí tó ti ara ọ̀rá wá?" Ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Ó ní ó tún di oṣù mẹ́ta kí àwọn tó gba yanrìn etí òkun wa.

Nígbà tí mo fi máa padà dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, omi ti gbá àwọn akàn lọ. Bàbá mi nìkan ló kù ní gbogbo etí òkun, nínú ihò ẹ̀, ó dijú.

"Ìwé dà?"

"Kò sí, Bàbá. Ẹ̀bi mi ni. Àmọ́ mo fi ìyá mi búra, akàn mẹ́rin kú."

"Lọ́sàn-án, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Nírọ̀lẹ́, mẹ́rin. Tó bá fi máa di ọ̀la, kò ní sí akàn rárá." Ó wọ́ yanrìn sí i mọ́ra.

Mo dúró tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ò bá mi gbélé rí. Ẹ gbà mí gbọ́. Ó di dandan!