Àpá Eyín Lára Awò Ojú

"Kí ló jẹ èyí?" Oníbàárà bọ́ awò ojú aláwọ̀ ìyeyè náà, ó fi èékánná tọ́ apá rẹ̀. "Àpá eyín rèé!"

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ gbójú sókè nídìí gíláàsì tó ń nù. Ó dá àpá náà mọ̀.

Ike àlòkù ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi ń ṣe férémù. Ọkọ a ṣa ike láàtàn, a gé e, a fi iyanrìn gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó a fi gíláàsì sí i. Wọ́n máa ń fi àpá kan sílẹ̀ lára rẹ̀, ìbáà ṣe ìdí korobá tàbí ọrùn kẹ́ẹ̀gì, kí ẹni tó rà á lè mọ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àpá yẹn gan-an làwọn oníbàárà ń tìtorí ẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ike ààtàn. Abọ́ Pẹ́pẹ́yẹ ni, ọmọ wọn kan ṣoṣo tí ibà pa lọ́dún tó kọjá. Nígbà tó ń hu eyín, etí abọ́ yẹn ló máa ń rún. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ wé e sínú àpótí, kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ pàápàá fọwọ́ kàn án.

"Eku ni," ọkọ dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé eku ààtàn mọ ike yàtọ̀ sẹ́ran ni?"

Háà, èèyàn burú! Oníbàárà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyàwó fa ọkọ sẹ́yìn. "Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ, abọ́ ọmọ mi lẹ gé?"

"Ṣó tún fẹ́ jẹun ni? Àwọ̀ yẹn ni wọ́n ń fẹ́, mi ò rírú ẹ̀ láàtàn. Jọ̀ọ́, má dójú tì mí níwájú oníbàárà."

Ìyàwó kò sunkún. Ó padà sọ́dọ̀ oníbàárà, ó nawọ́. "Ẹ mú un wá, sà, kí n bá yín yọ ibi tí eku jẹ."

Ó jókòó, ó fi sáńpépà ha á títí ó fi dán bọ̀rọ́. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Ọkọ ń mirí, inú rẹ̀ dùn: ìyàwó tó gbọ́n nìyí. Ìyàwó fọwọ́ ara rẹ̀ fi awò náà sójú oníbàárà, ó tún un ṣe létí. Lẹ́yìn náà ló gbá lẹ́búlẹ́bú náà jọ, ó dì í sétí aṣọ rẹ̀, ó wọ bàtà.

"Níbo lò ń lọ? Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀!"

Kò wo ọkọ. Oníbàárà ló kọjú sí.

"Ẹ má bínú, sà. Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Kì í ṣe eku ààtàn, eku inú ilé ni. Èmi ni ìyá ẹ̀."

Oníbàárà tún bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rín in.